Ẹ̀tọ́ Òǹkọ̀wé àti Ọjọ́ tí ó Yẹ kí á Wá Agbẹjọ́rò

 

Bí olè bá wọ ilé ènìyàn lóru, tí ó sì gbé ewúrẹ́ rẹ̀ lọ, gbogbo àdúgbò ni yóò bá a ké. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ kan bá fi ọdún mẹ́ta kọ ìwé, tí ẹlòmíràn sì tẹ ìwé náà lẹ́yìn rẹ̀, tí ó ń tà á ní ọjà, kò dájú pé ẹnì kan yóò bá a ké. Àwọn mìíràn tilẹ̀ lè sọ pé kí inú olùkọ́ náà máa dùn, nítorí pé òkìkí rẹ̀ ń kàn. Ohun tí ó fa ìyàtọ̀ yìí ni pé ewúrẹ́ ṣeé fi ọwọ́ kàn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọpọlọ kò ṣeé fi ọwọ́ kàn. Olè lè jí i tán, kí ó sì tún wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín síbẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fi ń bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣe é. Ọ̀nà kìíní ni ti olè tí mo sọ yìí. Ọ̀nà kejì, tí àwọn ènìyàn kì í sábà kà sí, ni kí òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ mú kálàmù, kí ó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tí kò yé e. Ọ̀nà kejì yìí ni mo fẹ́ kí á fi ọkàn sí jù lọ ní alẹ́ òní. Òfin lè bá wa gba ohun tí olè gbé; ṣùgbọ́n ó ṣòro fún òfin láti bá wa gba ohun tí a fi ọwọ́ ara wa fún ènìyàn.

Kí ni ẹ̀tọ́ yìí?

Ẹ ṣí ìwé kíkà èyíkéyìí tí ó bá wà nítòsí yín. Ní ẹ̀yìn ojú-ewé tí àkọlé ìwé wà, ẹ ó rí lẹ́tà C tí a fi òbìrí yí ká, orúkọ ènìyàn tàbí ti ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé kan, ọdún tí ìwé náà jáde, àti ìkìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ ìwé náà láìgba àṣẹ. Ohun tí ìkìlọ̀ yìí ń tọ́ka sí ni àwọn amòfin ń pè ní kọ́píráìtì. N ó máa pè é ní ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé, nítorí pé ìwé ni ó pọ̀ jù lọ́wọ́ àwa tí a ń kọ́ni àti àwa tí a ń kẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ kan náà ni ó wà fún akọrin, fún ayàwòrán, fún agbẹ́gilére, fún ẹni tí ó ṣe fíìmù, fún ẹni tí ó gba orin sílẹ̀, àti fún ilé-iṣẹ́ tí ń gbé ètò sáfẹ́fẹ́.

Àṣẹ kan ṣoṣo kọ́ ni ẹ̀tọ́ yìí. Àkójọpọ̀ àṣẹ ni. Àṣẹ láti tẹ iṣẹ́ náà wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àṣẹ láti tà á, láti túmọ̀ rẹ̀ sí èdè mìíràn, láti sọ ọ́ di eré orí ìtàgé, láti ṣe é ní gbangba, àti láti gbé e sáfẹ́fẹ́. Ó dà bí ilé oníyàrá púpọ̀. Onílé lè yá ẹnì kan ní yàrá kan fún ọdún mélòó kan láìta ilé. Ó sì tún lè ta gbogbo ilé náà, kí ó di àlejò nínú ohun tí òun fúnra rẹ̀ kọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àpèjúwe ilé yìí sọ́kàn, nítorí pé n ó tún padà sí i.

Òfin lórí ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ ní ilẹ̀ wa. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1911 ni wọ́n mú wọ Nàìjíríà ní ọdún 1912. Lẹ́yìn òmìnira, ìjọba ológun ṣe òfin tiwa ní ọdún 1970. Wọ́n tún ṣe òmíràn ní ọdún 1988, òun ni ó sì bí àjọ tí a mọ̀ lónìí sí Nigerian Copyright Commission. Èyí tí a ń lò báyìí ni òfin ti ọdún 2022, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023.

Òwú àti aṣọ

Ohun tí ó máa ń da àwọn ènìyàn lójú rú ni pé òfin kì í dáàbò bo èrò lásán. Ìrísí tí a fún èrò ni ó ń dáàbò bò. Òwú wà lóko; ẹnikẹ́ni ni ó lè rà á, kí ó sì fi hunṣọ. Ṣùgbọ́n aṣọ tí ahunṣọ kan ti hun, pẹ̀lú ọnà tí ó fi sí i, tirẹ̀ ni. Èrò ni òwú. Ìwé ni aṣọ.

Ẹ wo àlọ́ Ìjàpá tí ó jẹ àsèjẹ tí babaláwo sè fún Yánníbo aya rẹ̀. Gbogbo ọmọ Yorùbá ni ó ni àlọ́ yìí. Kò sí ẹni tí ó lè pe ìyá àgbà lẹ́jọ́ pé ó pa á fún àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá kó àwọn àlọ́ Ìjàpá jọ, tí ó fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ tò wọ́n, tí ó sì tẹ ìwé Àkójọpọ̀ Àlọ́ Ìjàpá jáde ní ọdún 1973, aṣọ ti kúrò ní òwú. Ẹ lè pa àlọ́ Ìjàpá ní ọ̀nà tiyín. Ẹ kò lè da ọ̀rọ̀ inú ìwé náà kọ, kí ẹ wá fi orúkọ yín sí i.

Nǹkan méjì ni òfin ń béèrè kí ẹ̀tọ́ tó dé. Ìkíní ni pé kí ènìyàn ti ṣe làálàá tirẹ̀ lórí iṣẹ́ náà tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi ní àbùdá ti ara rẹ̀. Ìkejì ni pé kí ó ti wà lórí ohun kan: ìbáà ṣe ìwé, ìbáà ṣe téèpù, ìbáà ṣe kọ̀ǹpútà. Kò béèrè pé kí iṣẹ́ náà dára. Kò béèrè pé kí a san owó fún ìjọba. Kò tilẹ̀ béèrè pé kí a kọ́kọ́ fi orúkọ sílẹ̀ níbì kan. Ní àkókò tí ẹ gbé kálàmù sílẹ̀, ẹ̀tọ́ ti dé. Àyè wà láti fi iṣẹ́ ẹni han àjọ tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé wọn; ṣùgbọ́n ẹ̀rí ni èyí wúlò fún ní ọjọ́ tí awuyewuye bá dé, kì í ṣe òun ni ó ń fún ni ní ẹ̀tọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́ yóò fẹ́ láti gbọ́ ẹjọ́ kan tí a dá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1916, lábẹ́ òfin ọdún 1911 tí ó ti wà ní Nàìjíríà pẹ̀lú nígbà náà. Ilé-iṣẹ́ kan kó àwọn ìbéèrè ìdánwò ìṣirò ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù jọ, wọ́n sì tẹ̀ wọ́n sínú ìwé láìgba àṣẹ. Wọ́n jiyàn pé ìṣirò kì í ṣe ohun tí ẹnì kan dá sílẹ̀. Adájọ́ kò gbà. Ó sọ pé òfin kò ní kí èrò jẹ́ tuntun. Ohun tí ó ní ni pé kí iṣẹ́ náà ti ọwọ́ ẹni tí ó ṣe é wá, kí ó má jẹ́ àdàkọ. Ó tún wá hàn pé àwọn olùṣèdánwò tí wọ́n kọ ìbéèrè wọ̀nyí, tí wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ tí yunifásítì gbà, ni wọ́n kọ́kọ́ ni ẹ̀tọ́ náà, àyàfi bí wọ́n bá ti fi ìwé gbé e fún ẹlòmíràn. Nítorí náà, olùkọ́ tí ó bá rò pé ìbéèrè ìdánwò tàbí àlàyé tí òun kọ fún kíláàsì òun kò jẹ́ nǹkan kan, kí ó tún ìrònú rẹ̀ ṣe.

Ta ni ó ni ín?

Ẹ jẹ́ kí á gbé ọ̀rọ̀ wá sí ibi tí ó ti kan ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ sí abúlé. Àgbà ọdẹ kan sun ìjálá fún un láti àárọ̀ di ọ̀sán. Akẹ́kọ̀ọ́ náà padà sílé, ó da ohun tí ó gbọ́ kọ, ó ṣe àlàyé lé e lórí, ó sì sọ ọ́ di ìwé. Ta ni ó ni ìwé yẹn?

Irú ìbéèrè yìí dé iwájú adájọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú ẹjọ́ tí a tẹ̀ sínú ìwé àkójọ ẹjọ́ wọn ti ọdún 1938. Steve Donoghue jẹ́ agẹṣinsáré tí òkìkí rẹ̀ kàn. Ó sọ ìtàn ayé rẹ̀ fún akọ̀ròyìn kan, akọ̀ròyìn náà sì kọ ọ́ fún ìwé ìròyìn. Nígbà tí wọ́n tún fẹ́ tẹ ìtàn náà ní ibòmíràn, Donoghue lọ sí ilé-ẹjọ́ láti dá wọn dúró. Ó pàdánù. Adájọ́ sọ pé ìtàn lè jẹ́ tirẹ̀, ìrírí lè jẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi ọ̀rọ̀ wọ ìtàn náà láṣọ ni ó ni ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé. Ilé-Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Nàìjíríà tẹ̀lé irú ìlànà yìí nínú ẹjọ́ tí Ọládípọ̀ Yẹmítàn, tí ọ̀pọ̀ nínú yín mọ̀ mọ́ ìwé rẹ̀ lórí ìjálá, pe ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn Daily Times. Ẹ̀sùn rẹ̀ ni pé wọ́n tẹ àpilẹ̀kọ òun láìgba àṣẹ lọ́wọ́ òun. Ẹjọ́ náà wà nínú ìwé àkójọ ẹjọ́ ti ọdún 1980, àwọn amòfin wa sì ń tọ́ka sí i títí di òní.

Ṣé a ó wá sọ pé àgbà ọdẹ wa kò ní nǹkan kan? Rárá o. Ohùn rẹ̀ kì í ṣe ìtàn lásán tí ẹlòmíràn fi ọ̀rọ̀ wọ̀ láṣọ; òun fúnra rẹ̀ ni ó to ọ̀rọ̀ náà, òun ni ó sì sun ún. Òfin wa fún òṣèré ní ẹ̀tọ́ lórí eré rẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbà á sílẹ̀, kí ó sì tà á, tàbí kí ó gbé e sáfẹ́fẹ́, láìjẹ́ pé òṣèré gbà bẹ́ẹ̀. Òfin sì tún ní ìpín kan fún àwọn iṣẹ́ àbáláyé, tí wọ́n jẹ́ ti gbogbo ìlú. Bí a bá fẹ́ fi wọ́n pawó kúrò ní ibi tí àṣà fi wọ́n sí, a ní láti gba àṣẹ lọ́wọ́ àjọ. Bí a bá sì tẹ̀ wọ́n sínú ìwé, a ní láti dárúkọ ìlú tàbí àwùjọ tí a ti rí wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ “àgbà ọdẹ kan ní abúlé kan” ti ṣe àìtọ́ sí ìlú náà. Ohun tí ó tọ́ ni pé kí ó ṣàlàyé ohun tí ó fẹ́ fi ohùn bàbá náà ṣe, kí ó gba àṣẹ rẹ̀ lórí ìwé tàbí lórí téèpù náà gan-an, kí ó sì dárúkọ ìlú rẹ̀. Bí èrè bá máa wà, kí wọ́n ti sọ ìpín bàbá kí ìwé tó dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé.

Ìbéèrè mìíràn ni ti òṣìṣẹ́. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó ni ẹrú ni ó ni ẹrù, ọ̀pọ̀ ọ̀gá iṣẹ́ sì gbà pé bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìwé tí òṣìṣẹ́ bá kọ. Ṣùgbọ́n olùkọ́ kì í ṣe ẹrú. Òfin ọdún 1988 sọ ọ́ kedere pé ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ náà ni ó kọ́kọ́ ni ẹ̀tọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu iṣẹ́ ni ó ti ṣe é, àyàfi bí ìwé àdéhùn bá sọ ohun mìíràn. Ó yọ àwọn akọ̀ròyìn sọ́tọ̀, ó sì yọ iṣẹ́ tí a ṣe lábẹ́ àṣẹ ìjọba sọ́tọ̀. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé kí olùkọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ìwé ní ẹnu iṣẹ́, kí ó tún ìwé tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́ kà. Bí ó bá rí gbólóhùn kan níbẹ̀ lórí ohun tí òṣìṣẹ́ bá kọ, kí ó mú un tọ agbẹjọ́rò lọ.

Ọdún mélòó ni ẹ̀tọ́ yìí fi ń wà?

Fún ìwé, orin àti iṣẹ́ ọnà, ẹ̀tọ́ náà wà ní gbogbo ọjọ́ ayé ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ náà, ó sì tún ń wà fún 70 ọdún lẹ́yìn ìparí ọdún tí ó kú. Fún fíìmù, fọ́tò, orin tí a gbà sílẹ̀ àti ètò tí a gbé sáfẹ́fẹ́, 50 ọdún ni, a sì máa ń kà á láti ìgbà tí iṣẹ́ náà kọ́kọ́ jáde. Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther kú ní ọdún 1891. Ẹnikẹ́ni lè tẹ ohun tí ó kọ. Ṣùgbọ́n D. O. Fágúnwà kú ní ọdún 1963. Nítorí náà, àwọn ìwé rẹ̀ kò tí ì di ti gbogbo ayé. Ó di ìparí ọdún 2033. Dúró Ládípọ̀ kú ní ọdún 1978. Eré Ọba Kò So ṣì wà lábẹ́ ààbò títí di ìparí ọdún 2048. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá fẹ́ ṣe eré náà, kí ó sì gba owó lẹ́nu ọ̀nà, ní láti wá àwọn tí wọ́n ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ lónìí.

Ẹ tún kíyè sí i pé ìtumọ̀ ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1968. Ní ọjọ́ tí ẹ̀tọ́ Fágúnwà bá tán, ti ìtumọ̀ yẹn yóò ṣì wà nílẹ̀.

Ohun tí a lè lò láìgba àṣẹ

Òfin kò fẹ́ pa ẹ̀kọ́. Ó fi ilẹ̀kùn kan sílẹ̀ fún ìwádìí tí kò ní èrè nínú, fún ẹ̀kọ́ tí ènìyàn ń dá kọ́, fún lámèyítọ́ àti fún ìròyìn. Bí ẹ bá ń kọ àpilẹ̀kọ lórí ìwé ìtàn àròsọ kan, ẹ lè fa gbólóhùn bí mélòó kan yọ láti fi gbe àlàyé yín lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ yóò wo ohun mẹ́rin: kí ni ẹ fẹ́ fi ṣe, irú iṣẹ́ wo ni ẹ mú lára rẹ̀, báwo ni ohun tí ẹ mú ti pọ̀ tó, àti ìpalára tí ó lè ṣe fún títà iṣẹ́ náà. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fi ẹ̀rọ da ojú-ewé mẹ́ta kọ láti fi kàwé kò dọ́gba pẹ̀lú ọlọ́jà tí ó da odidi ìwé kọ, tí ó dì í, tí ó sì ń tà á ní ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́. Olùkọ́ tí ó bá fipá ta irú àdàkọ bẹ́ẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ kò sàn ju ọlọ́jà náà lọ. Fún dídà ìwé kọ ní ọ̀pọ̀ yanturu, ẹgbẹ́ kan wà, REPRONIG, tí ń bá àwọn òǹkọ̀wé àti atẹ̀wé fúnni ní àṣẹ.

Mo gbọ́dọ̀ sọ gbólóhùn kan níhìn-ín tí n kò fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan gbàgbé: dídárúkọ kì í ṣe àṣẹ. Bí mo bá wọ oko yín, tí mo hú iṣu yín, tí mo sì ń pariwo lọ́jà pé oko yín ni mo ti hú u, mo ti sọ òtítọ́, ṣùgbọ́n mo ti jalè. Ẹni tí ó bá lo ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn láìdárúkọ rẹ̀ ti ṣẹ̀ sí òfin ilé-ẹ̀kọ́. Ẹni tí ó bá dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó mú ju ìwọ̀n lọ láìgba àṣẹ, ti ṣẹ̀ sí òfin ilẹ̀.

Ọjọ́ wo ni ó yẹ kí á wá agbẹjọ́rò?

Àwọn baba wa ní a kì í ti kóòtù bọ̀ kí á tún ṣọ̀rẹ́. Nítorí òwe yìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹni tí ó bá lọ sí ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò ti múra ìjà. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí á ya agbẹjọ́rò sọ́tọ̀ kúrò lára kóòtù. Agbẹjọ́rò tí ó bá yín ka ìwé àdéhùn kí ẹ tó fọwọ́ sí i ni ẹni tí kò ní jẹ́ kí ẹ dé kóòtù rárá.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni a nílò rẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ mọ̀ bóyá ìwé kan ṣì wà lábẹ́ ààbò lè ka ọdún fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ fa ewì kan yọ sínú ìwé rẹ̀ lè kọ lẹ́tà sí atẹ̀wé, kí ó sì béèrè. Bí ẹlẹgbẹ́ yín bá lo àwòrán yín ní àìmọ̀, lẹ́tà pẹ̀lẹ́tù kan lè parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́rin wà tí kò yẹ kí á dá ṣe é.

Ọjọ́ kìíní, tí ó ṣe pàtàkì jù, ni ọjọ́ ìfọwọ́síwèé. Òfin sọ pé kò sí bí a ṣe lè gbé ẹ̀tọ́ yìí fún ẹlòmíràn pátápátá, tàbí kí á fi lé ẹnì kan ṣoṣo lọ́wọ́, àfi lórí ìwé. Èyí túmọ̀ sí pé kò sí ẹni tí ó lè fi ẹnu gba ilé yín. Ìfọwọ́sí yín nìkan ni ó lè tà á. Nítorí náà, ẹ mú ìwé náà lọ sí ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè márùn-ún wọ̀nyí.

Ìkíní: ṣé títà ni tàbí yíyá? Bí ó bá jẹ́ yíyá, yàrá mélòó ni, fún ọdún mélòó, ní orílẹ̀-èdè wo? Ìkejì: ṣé ìwé títẹ̀ nìkan ni, àbí ìtumọ̀, fíìmù, rédíò àti íntánẹ́ẹ̀tì wà nínú rẹ̀? Ìkẹta: ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ni tèmi, nínú owó wo sì ni? Ẹ fi ojú sí èyí dáadáa. Kí á sọ pé ₦2,000 ni iye tí a kọ sí ẹ̀yìn ìwé. Ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ ₦200. Ṣùgbọ́n bí àdéhùn bá sọ pé nínú owó tí ó dé ọwọ́ atẹ̀wé ni, tí atẹ̀wé sì ti yọ̀ǹda ₦800 fún olùtàwé, ₦1,200 ni ó kù, ìdá mẹ́wàá rẹ̀ sì jẹ́ ₦120. Bí ẹgbẹ̀rún márùn-ún ìwé bá tà, ìyàtọ̀ gbólóhùn kékeré yẹn jẹ́ ₦400,000. Ìkẹrin: ẹ̀ẹ̀mélòó lọ́dún ni wọn yóò jíṣẹ́ owó fún mi, ṣé mo sì lè rán ẹni tí yóò yẹ ìwé ìṣirò wọn wò? Ìkarùn-ún: bí ìwé bá tán ní ọjà tí wọn kò tún tẹ̀ ẹ́ mọ́, ṣé ẹ̀tọ́ mi yóò padà wá sọ́dọ̀ mi?

Ọjọ́ kejì ni ọjọ́ tí ènìyàn méjì bá fẹ́ jọ ṣe iṣẹ́ kan. Olùkọ́ méjì tí wọ́n jọ fẹ́ kọ ìwé, akọrin àti ẹni tí ó ń kọ ọ̀rọ̀ orin fún un, kí wọ́n kọ ìpín olúkúlùkù sílẹ̀ nígbà tí ìfẹ́ ṣì wà láàrin wọn. Ẹ rántí pé ikú lè pa ọ̀kan, kí ẹnì kejì wá máa bá àwọn ọmọ olóògbé sọ ohun tí wọn kò mọ̀. Ẹ̀tọ́ yìí ṣeé jogún bí ilé àti ilẹ̀. Ó yẹ kí ó wà nínú ìwé ìhágún òǹkọ̀wé.

Ọjọ́ kẹta ni ọjọ́ tí ẹ bá rí ayédèrú iṣẹ́ yín lọ́jà. Ẹ má ṣe bá ọlọ́jà jà. Ẹ ra ẹ̀dà kan, ẹ gba ìwé owó, ẹ kọ ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti rà á sílẹ̀. Ẹ wá ìwé àfọwọ́kọ yín àti ìwé àdéhùn yín jáde, kí ẹ sì yára lọ, nítorí pé ọlọ́jà tí ó bá fura yóò kó ẹrù rẹ̀ pamọ́. Agbẹjọ́rò lè lọ bẹ ilé-ẹjọ́ pé kí wọ́n pàṣẹ ìyẹ̀wò àti ìkẹ́rù kí ẹni náà tó gbọ́. Ilé-Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ni ó ní agbára láti gbọ́ irú ẹjọ́ yìí. Ẹni tí ó bá gbé e lọ sí kóòtù ìbílẹ̀ yóò kàn fi àkókò ṣòfò ni. Àjọ Nigerian Copyright Commission pẹ̀lú ní àwọn aṣàyẹ̀wò tí wọ́n lè wọ ibi tí a ti ń tẹ ayédèrú.

Ọjọ́ kẹrin ni ọjọ́ tí lẹ́tà bá dé pé ẹ̀yin ni ẹ gba ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn. Ẹ má ṣe jù ú sẹ́yìn, ẹ má sì fi ìbínú dá a lóhùn, nítorí pé ohun tí ẹ bá kọ lè di ẹ̀rí. Ẹ má ṣe ba ohunkóhun jẹ́. Ẹ mú lẹ́tà náà, ẹ mú iṣẹ́ tí wọ́n ń sọ, kí ẹ sì tọ agbẹjọ́rò lọ kí ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín tó pé.

Ẹ sì yan agbẹjọ́rò tí ó mọ ẹ̀ka òfin yìí. Ẹni tí ó mọ ẹjọ́ ilẹ̀ dunjú lè má mọ ẹjọ́ ìwé. Ẹ béèrè iye owó rẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Owó tí yóò gbà láti ka ojú-ewé mẹ́jọ fún yín kò ní tó ohun tí yóò gbà láti bá yín wọ ilé-ẹjọ́.

Bí onígbá bá ti pe igbá rẹ̀ ní pàǹkàrà, ayé yóò bá a fi kólẹ̀ ni. Bí olùkọ́ bá ka àlàyé tí ó kọ sí ìwé yẹpẹrẹ, tí akẹ́kọ̀ọ́ ka ìwádìí rẹ̀ sí ohun tí a kàn fi ń gba ìwé ẹ̀rí, ẹlòmíràn ni yóò mọ iye tí wọ́n tó. Ẹ kọ orúkọ yín àti ọdún sí ara iṣẹ́ yín. Ẹ tọ́jú àfọwọ́kọ yín. Ṣùgbọ́n ju gbogbo rẹ̀ lọ, bí ẹnì kan bá na ìwé àti kálàmù sí yín, tí ó ń sọ pé ibi báyìí ni kí ẹ fọwọ́ sí, ẹ sọ fún un pé ẹ ó mú ìwé náà lọ sílé. Atẹ̀wé tí ó mọyì yín yóò dúró dè yín. Ẹni tí kò bá lè dúró di ọ̀la, ó yẹ kí ẹ fura sí i.

Olóòtú, mo dá ọ̀rọ̀ mi dúró níhìn-ín, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lè sọ tiwọn.